Báwo ni mo ṣe lè jẹ àǹfààní fisiotẹ́rápì dáadáa lẹ́yìn tí ọrùn ẹsẹ̀ mi ṣẹ́?

Arìnnàkore béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Eegun ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ló ṣẹ́, wọ́n fi P.O.P. (ìdì funfun tó máa ń gan) dì í, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u ni. Dókítà wo fọ́tò eegun náà, ó ní ó ti so pọ̀, pé mo lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí n sì lọ máa ṣe fisiotẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú tí a ń fi eré ìdárayá ṣe. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yìí kò jọ tèmi mọ́: ẹran ẹ̀yìn ojúgun ti joro, ọrùn ẹsẹ̀ le gbagidi, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, á wú débi pé bàtà kò ní gbà á mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń rí físíò mi (ẹni tó ń ṣe ìtọ́jú náà fún mi), ìdajì wákàtí péré sì ni. Kí ni mo lè ṣe tí ìdajì wákàtí yẹn kò fi ní ṣòfò? Bí mo bá sì ń ṣe eré ìdárayá nílé, tí ẹsẹ̀ ń ro mí, ṣé kí n dúró ni àbí kí n máa bá a lọ?

Ìyá Ìbejì dáhùn:

Ẹ kú ìnira o. Iṣan orúnkún tèmi ló já nígbà kan, ohun tó sì kọ́kọ́ yé mi ni pé ìdajì wákàtí yẹn kọ́ ni ìtọ́jú gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ̀ yín wò, tí wọ́n sì ń kọ́ yín ní ohun tí ẹ ó máa ṣe títí ọ̀sẹ̀ yóò fi yípo. Nítorí náà, ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti ṣe eré ìdárayá kọ̀ọ̀kan lójú wọn, kí wọ́n lè tún un ṣe fún yín. Ẹ ní kí wọ́n fi fóònù yín ya fídíò rẹ̀, torí pé kó tó di ọjọ́ kẹta, ènìyàn á ti gbàgbé bóyá orúnkún ló yẹ kó tẹ̀ ni àbí kó nà. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún, àti ibi tó yẹ kí ẹ ti mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ má sì purọ́ fún wọn. Bí wọ́n bá fún yín ní oríṣi 8, tó sì jẹ́ pé 3 péré ni àyè rẹ̀ yọ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Físíò tó bá gbà pé gbogbo rẹ̀ ni ẹ ń ṣe, tí kò sì rí ìyàtọ̀, lè rò pé iṣẹ́ náà kò bá yín mu, kó sì yí i padà lásán. Mẹ́ta tí a ń ṣe lójoojúmọ́ sàn ju mẹ́jọ tí a ń sáré ṣe ní alẹ́ tó ṣáájú ìpàdé lọ (ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ara yín). Èmi so tèmi mọ́ ohun tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀: bí mo bá ń fọ eyín, ẹsẹ̀ kan ni mo máa ń dúró lé, tí ọwọ́ kan á wà lára ògiri.

Oníṣẹ́-Ara dáhùn:

Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mo ń ṣe, mo sì fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì. Ẹ má fòyà nítorí bí ẹsẹ̀ náà ṣe rí. Iṣan tí a kò lò kì í pẹ́ joro, oríkèé tí a kò tẹ̀ sì máa ń le. Ní ti wíwú ìrọ̀lẹ́, iṣan ẹ̀yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ àti omi ara padà sókè nígbà tí a bá ń rìn, tiyín kò sì tíì lágbára tó. Ẹ máa gbé ẹsẹ̀ náà ga ju àyà lọ nígbà ìsinmi, kí ẹ sì máa mi ọrùn ẹsẹ̀ sókè-sódò.

Ní ti ìrora, ká ní 0 ni ẹni tí nǹkan kan kò dùn, tí 10 sì jẹ́ èyí tó burú jù lọ. Èyí tí kò ju 3 tàbí 4 lọ, tó sì rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kì í sábà léwu. Bí ẹ bá jí tí ẹsẹ̀ wú ju tàná lọ, tàbí tí ẹ ń tiro ju ti tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ àná ló pọ̀ jù. Ẹ dín in kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n ẹ má pa á tì.

Ẹ tún mú ẹ̀rí bí ọrùn ẹsẹ̀ yín ṣe ń tẹ̀ tó lọ fún físíò yín. Ẹ kọjú sí ògiri, ẹ tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá tẹ orúnkún síwájú títí yóò fi kan ògiri láìjẹ́ kí gìgísẹ̀ gbéra. Ẹ máa fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí orúnkún kò fi ní lè kan ògiri mọ́ àfi tí gìgísẹ̀ bá gbéra. Ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti ògiri, ẹ wọn ti ẹsẹ̀ òsì náà, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹni tó bá ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni.

Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ìpàdé: bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú lójijì, tó gbóná, tó sì ń ro yín kódà lórí ìjókòó, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ra á. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí èémí bá sì ń ṣòro, tàbí tí àyà ń dùn yín, pàjáwìrì ni.

Akínkanjú dáhùn:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Oníṣẹ́-Ara, òfin 3 tàbí 4 yẹn kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá mi ní èjìká láti rán iṣan tó já, dókítà sì ní wọn kò gbọdọ̀ fúnra wọn gbé apá náà sókè títí di ìgbà tí òun bá yọ̀ǹda, ì báà má tilẹ̀ dùn wọ́n rárá. Ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún gbọdọ̀ gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ dókítà, kí ó sì fi han físíò, nítorí àwọn méjèèjì kì í sábà bára wọn sọ̀rọ̀ tó bí a ṣe rò.

Arìnnàkore:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti wọ̀n ọ́n: òsì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11, ọ̀tún jẹ́ 4. Ìgbà wo ni mo lè padà sídìí bọ́ọ̀lù?

Oníṣẹ́-Ara:

Kàlẹ́ńdà nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì nà ró lórí ìka, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ kan. Bí iye ìgbà tí ọ̀tún lè ṣe é bá ti súnmọ́ ti òsì, tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ kan fò láìbẹ̀rù, tí kò sì wú lọ́jọ́ kejì, a lè sọ̀rọ̀ eré sísá lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bọ́ọ̀lù ṣì ju ìyẹn lọ, nítorí pé yíyípadà bìrí àti ìkọlù wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún físíò yín láti ìsinsìnyí pé bọ́ọ̀lù ni ẹ fẹ́ padà sí, torí pé eré ìdárayá tí yóò fún ẹni tó kàn fẹ́ máa rìn yàtọ̀ sí èyí tí yóò fún yín.