Àtúnhù kókó àti ọgbẹ́ ìtànṣán: ọ̀rọ̀ mẹ́ta la nílò, kì í ṣe méjì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Àbá tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìṣègùn lédè Yorùbá ni pé ká máa pe kókó ọpọlọ tó tún yọjú lẹ́yìn ìtọ́jú ní "ìpadàbọ̀ kókó", ká sì pe ẹran ọpọlọ tí ìtànṣán ìtọ́jú pa ní "ìjẹrà ọpọlọ". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí dókítà ń rí. Ẹni tó ní glioblastoma, ìyẹn irú jẹjẹrẹ ọpọlọ kan tó le, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n á sì tan ìtànṣán sí ibẹ̀. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni 60 Gy (Gy la fi ń wọn ìtànṣán), tí wọ́n á pín sí ìgbà 30 láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Nígbà tó bá yá, wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́ gàdólíníọ̀mù, oògùn tó ń mú kí àwòrán hàn kedere, wọ́n á tì í sínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara, ibì kan á sì funfun báláú lórí àwòrán. Funfun yẹn kì í ṣe kókó fúnra rẹ̀. Ohun tó ń fi hàn ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ń jò, tí oògùn náà fi ráyè wọ inú ọpọlọ. Kókó máa ń mú un jò, ìtànṣán náà máa ń mú un jò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta la nílò: ọ̀kan fún ohun tójú rí, méjì fún ohun tó fà á. "Àmì funfun" ti tó fún ti ojú.

"Ìjẹrà" ló ká mi lára jù. Ẹ gbé e sí etí aláìsàn tó ti ń gbọ́ "jẹjẹrẹ" látọdún tó kọjá, kí dókítà wá sọ pé "ìjẹrà ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ". Àyà onítọ̀hún á já kí gbólóhùn tó parí! Ẹlòmíì dábàá "ìjóná", àmọ́ bí iná bá jóni, ojú ẹsẹ̀ là ń mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù mélòó kan sí ọdún mélòó kan ni èyí fi ń fara pamọ́. "Ọgbẹ́ ìtànṣán" ni tèmi. A ti ń pe ọgbẹ́ inú ní ọgbẹ́ láìfojú rí i.

Ní ti "ìpadàbọ̀", ohun tó lọ ló ń padà bọ̀. Glioblastoma kì í lọ tán. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù sétí ibi tí wọ́n gé, itòsí ibẹ̀ ló sì sábà máa ń tún yọ. Bí koríko tí wọ́n ṣán tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ńṣe ló ń tún hù. "Àtúnhù kókó" ló bá a mu.

Ó tún ku ìwú tó máa ń hàn láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtànṣán, tó máa ń rọlẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ ìtọ́jú. Ẹnì kan pè é ní "ìdàgbà irọ́". Ta ló purọ́? Ìwú náà wà lóòótọ́, ó kàn jọ kókó ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìdàgbà àfarajọ".

Bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ náà nílò orúkọ. MRI kan wà tó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó níbi tó funfun: àtúnhù sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ mọ́ra, torí ó ń hu iṣan tuntun, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kì í sábà pọ̀ níbi ọgbẹ́. Mo pe èyí ní "àwòrán òṣùwọ̀n ẹ̀jẹ̀". Òmíràn ń wọn èròjà inú ẹran ara. Kólìn, ọ̀kan lára èròjà bẹ́ẹ̀, máa ń ga níbi tí kókó bá ti ń hù. "Àwòrán òṣùwọ̀n èròjà" nìyẹn. Nígbà míì àtúnhù àti ọgbẹ́ máa ń wà pọ̀ lójú kan náà, á wá di pé kí wọ́n gé díẹ̀ lára ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Mo dán àwọn ọ̀rọ̀ náà wò nínú gbólóhùn tí dókítà lè kọ: "Àmì funfun wà létí ibi iṣẹ́ abẹ, òṣùwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kéré, ó jọ ọgbẹ́ ìtànṣán ju àtúnhù kókó lọ." Ẹ bá mi kà á sókè, kí ẹ sọ ibi tó bá há yín lẹ́nu.