Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá: dítẹ́kítọ̀ wo, ẹ̀rọ tó ń dún bó bá rí irin nínú ilẹ̀, ni kí n rà?

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbẹ̀ kan ní Yorkshire, ní England níbí, gbà kí n wá nǹkan àtijọ́ lóko òun. Ahoro abúlé ayé ọjọ́un ni. Mọ́ńdé ni katakata máa wọ oko, torí náà Sátidé yìí nìkan ni mo ní. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Leeds: Ra dítẹ́kítọ̀ Minelab Equinox. Ìṣó ló kún ahoro abúlé. Pẹ̀lú dítẹ́kítọ̀ Garrett Ace, ariwo ìṣó ni wàá máa gbọ́, owó fàdákà tó sùn tì í ò ní dún.

Àjọkẹ́: Bàbá, ẹ má dẹ́rù bà á. Ace ni mò ń lò. Kó fi kọ́ìlì kékeré, àwo ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ tó ń wá irin, sí i, kó máa rọra fì í. Owó fàdákà ìgbà yẹn fẹ́lẹ́ bí èékánná, ẹni tó bá ń sáré á fò ó kọjá ni.

Káyọ̀dé Hull: Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ná. Ṣé àgbẹ̀ yẹn kọ̀wé pé òun gbà ọ́ láyè? Ẹnu lásán ni tèmi fi gbà. Ọjọ́ tí mo hú owó fàdákà mẹ́ta jáde lójú kan, ọmọ ẹ̀ dé, ó ní ta ló pè mí síbẹ̀. Wọ́n lé mi bí olè. Inú ṣì ń bí mi.

Bàbá Leeds: Ṣé o sọ fún coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń fi ìṣúra tó bá jáde tó létí? Owó fàdákà méjì tó ti lé lọ́dún 300, òfin ìṣúra 1996 (Treasure Act) ti dé e. Ọjọ́ 14 péré lo ní láti fi sọ. Àwọn méjì tó gbé fàdákà àwọn Viking, jagunjagun ojú omi ayé àtijọ́, pamọ́ ní Herefordshire, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n lọ ní 2019.

Káyọ̀dé Hull: Mo sọ, sà. Ìpín ló dùn mí. Onílẹ̀ àti ẹni tó rí i ló yẹ kó pín owó tí mùsíọ́ọ̀mù bá san. Onílẹ̀ ní òun ò mọ̀ mí rí. Kí ni mo fẹ́ fi hàn?

Àjọkẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ gbogbo àgbẹ̀ kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ṣeun: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn lè ṣe irú ẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé?

Bàbá Leeds: Rárá o! Òfin Nàìjíríà ti 1979 ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ walẹ̀ wá nǹkan àtijọ́ láìgbàwé àṣẹ. Ọmọ Ìbàdàn, kí lorúkọ abúlé yẹn? Bó bá jẹ́ bíi Wharram Percy, ahoro abúlé kan ní Yorkshire tí ìjọba dáàbò bò, àgbẹ̀ fúnra ẹ̀ ò lè fún ọ láyè níbẹ̀. Àyàfi Historic England, àjọ tó ń bójú tó ibi àtijọ́.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ ṣé gan-an. Mo wo àkọsílẹ̀ Historic England, oko náà ò sí níbẹ̀. Mo ti ra Ace àlòkù. Ojú ń tì mí láti máa béèrè ìwé lọ́wọ́ bàbá yẹn, èèyàn dáadáa ni. Mò ń lọ láàárọ̀ ọ̀la.

Káyọ̀dé Hull: Àbúrò, tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i lálẹ́ yìí. Kó ṣáà fèsì pé òun gbà.