Ọtí kì í ní ọnà, pípọn la ń pọn ọ́n

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò. Mi ò kì í yára dá sí ọ̀rọ̀ tó bá ti ń di àríyànjiyàn, àmọ́ èyí tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn fi ránṣẹ́ lánàá kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, kí wọ́n má bínú sí mi. Àbúrò mi tó ń pọn bíà nílé ní Ọ̀bàntókò, l'Abẹ́òkúta níbí, ló bi wá pé kí ni ká máa pe craft beer, bíà tí ilé ìpọntí kéékèèké ń pọn, ní Yorùbá, torí ó fẹ́ kọ nǹkan sára ìgò ẹ̀, kò sì fẹ́ fi Òyìnbó kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n wa dáhùn pé "ọtí ọ̀nà" ni, pé craft náà ni iṣẹ́ ọnà, kò ní àlàyé míì. Wọ́n wá fi mẹ́ta lé e: homebrewing, ìyẹn kéèyàn máa pọn bíà nílé, di "ìpọ́ntí-ilé"; airlock, ohun tí gáàsì ń gbà jáde nínú kẹ́ẹ̀gì tí afẹ́fẹ́ ìta kò sì ní wọlé, di "àgádágodo afẹ́fẹ́"; yeast, ohun abẹ̀mí tó ń sọ ṣúgà di ọtí, di "ìwútí". Mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí wọn, wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ fún èdè yìí kí n tó mọ a bí dí, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi kọ́ Yorùbá nílé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì, bí ọmọ JS2 bá kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sínú ìdánwò mi, mi ò ní fún un ní máàkì lórí ìkankan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àmì ohùn, ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ọ̀nà tó jẹ́ dò-dò, ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà ni, ọ̀nà Lafẹ́nwá, ọ̀nà Kútọ̀. Bí ẹ bá kọ "ọtí ọ̀nà" sára ìgò, ẹni tó gbọ́ Yorùbá á rò pé ọtí tí wọ́n ń mu lójú ọ̀nà ni, ọtí gáréèjì. Ọnà tí wọ́n ń wá, re-dò ni. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní àṣìtẹ̀ ni. Kì í ṣe àṣìtẹ̀ o, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló jáde nínú lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ló sì gbé dò sórí ọ̀ àkọ́kọ́.

Ká tiẹ̀ tún àmì yẹn ṣe, ká kọ ọ́ ní "ọtí ọnà", kò tíì dúró. Ọnà, ojú ló ń rí i. Ọnà ni ti ẹni tó ń fín igbá, ti àwọn ìyá wa ní Ìtòkú tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára àdìrẹ kí aró má baà wọ ibẹ̀. Ẹ wo gbẹ́nàgbẹ́nà fúnra ẹ̀, gbẹ́ ọnà ló bí i. Ẹ wo orúkọ bíi Ọnàbánjọ, èyí tí Bísí Ọnàbánjọ tó jẹ́ gómìnà Ògùn láti 1979 dé 1983 ń jẹ́, ìdílé ọlọ́nà ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń wá, kì í ṣe ìdílé ọlọ́tí. Ẹ lè fín ọnà sára igbá tí ẹ fi ń mu ọtí, ẹ lè yà á sára ìgò, àmọ́ ẹnu ló ń mọ ọtí, kò síbi tí ọnà máa dúró lé lára omi.

Ohun tó tún bí mi nínú ni pé wọn ò bèèrè ohun tí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà ń fi í pè. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn apọntí wọn, Brewers Association, kò fi ẹwà wọ̀n ọ́n rárá. Wọ́n ní kí ilé ìpọntí náà má pọn ju àgbá mílíọ̀nù 6 lọ lọ́dún, kí iléeṣẹ́ ọlọ́tí ńlá tí kì í ṣe ara wọn má sì ní tó ìdá 25 nínú 100 ẹ̀. Iye tí wọ́n ń pọn àti ẹni tó ni ín, ohun tó wà nídìí craft nìyẹn. Ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti bẹ̀rẹ̀, torí ọdún 1978 ni Jimmy Carter, ààrẹ wọn nígbà yẹn, fọwọ́ sí òfin pé àgbàlagbà lè pọn bíà nílé ara ẹ̀ láìsan owó orí lórí ẹ̀, 100 gálọ́ọ̀nù lọ́dún, tí àgbàlagbà bá pé méjì nínú ilé kó di 200. Ọwọ́ èèyàn ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Àwa sì ti ní bí ọwọ́ ṣe ń wọnú ọ̀rọ̀. Ìwé tí èèyàn fi ọwọ́ kọ, àfọwọ́kọ là ń pè é, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fóun. Ọtí tí èèyàn fi ọwọ́ ara ẹ̀ pọn, àfọwọ́pọn ni. Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé àwọn ilé ìpọntí kéékèèké náà ń lo ẹ̀rọ. Ẹni tó kọ ìwé àfọwọ́kọ náà lo bírò.

Ẹ wá wo "ìpọ́ntí-ilé". Pọn tó wà nínú pọntí, re ni, kò lọ sókè kò wá sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé mí lé e lórí, ẹ ti gbé e lọ sílé ìpọ́njú níbi tí ojú ti ń pọ́n èèyàn, tàbí sọ́dọ̀ ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ, àpọ́n tí kò níyàwó náà wà lágbègbè yẹn. Bí ẹ bá sì gbé dò lé e, ìdí ọbẹ̀ àpọ̀n lẹ dé yẹn. Àmì kan péré ló yà wọ́n, ẹ̀yin tó ń wá ọ̀rọ̀ tuntun fún wa ló sì yẹ kó kọ́kọ́ ṣọ́ ọ. Ilé ìpọntí là ń pe èyí tó wà n'Iléṣà tí wọ́n ti ń pọn Trophy, kò sí ìpọ́njú níbẹ̀. Ìpọntí inú ilé ti tó, kò nílò ẹ̀wù míì.

Ti àgádágodo yìí wá pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Nígbà tí àbúrò mi kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló da omi ọkà sínú kẹ́ẹ̀gì tó sì dé e pinpin, ó ní kí kòkòrò má wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì kẹ́ẹ̀gì wú bí ikùn aláboyún, òru ọjọ́ yẹn ni ìdérí fò lọ bá àjà, gbogbo pálọ̀ kún fún ìfófò, màmá mi rò pé olè ló já lẹ̀kùn. Látìgbà náà ló ti lu ìdérí, ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń fún ẹja ní afẹ́fẹ́, ó ki ẹnu kejì sínú ìgò omi. Gáàsì ń jáde nínú omi, po po po, afẹ́fẹ́ ìta kò sì rọ́nà wọlé. Àgádágodo dà níbẹ̀? Àgádágodo kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá, ti inú ò ní jáde, ti ìta ò ní wọlé. Dídé tó dé e pinpin bí àgádágodo ló jẹ́ kí ìdérí fò nígbà àkọ́kọ́ yẹn! Àwọn ọmọ ilé wa, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, imú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní "imú ẹ̀ ń mí", bó bá di bí ọjọ́ karùn-ún wọ́n á ní "imú ti dákẹ́". Ìgbà yẹn ni àbúrò mi á wá ti òṣùwọ̀n tó fi ń wo bí ṣúgà inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó bọ̀ ọ́, bó bá bẹ̀rẹ̀ ní 1.050 tó já sí 1.010, á mọ̀ pé ọtí inú ẹ̀ lé díẹ̀ ní ìdá 5 nínú 100. Imú kẹ́ẹ̀gì, mi ò rí ọ̀rọ̀ tó dáa tó yẹn látọdún yìí, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ló sọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ kan náà ló kọ́ nípa ọkà. Ìwé Òyìnbó ló ń tẹ̀lé, wọ́n ní kó po ọkà pọ̀ mọ́ omi gbígbóná ní 65 sí 68 digirí Celsius fún wákàtí kan. Báálì, ọkà àwọn Òyìnbó, ni wọ́n ń bá wí. Ọkà bàbà ló wà lọ́wọ́ tiẹ̀, èyí tó rẹ sómi, tó tẹ́ sórí àpò kó hù, tó sì sá sóòrùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, omi ẹ̀ kì í dùn, á funfun bí ẹ̀kọ tí kò jinná. Sítáàṣì inú ọkà bàbà ń fẹ́ ooru tó ju ìyẹn lọ kó tó tú, bẹ́ẹ̀ bí ooru bá pọ̀ jù, agbára tó wà nínú ọkà tó hù, èyí tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà, á kú. Màmá mi ló rántí bí ìyá wa àgbà ṣe ń ṣe é ní Ìtòkò. Bí wọ́n bá ti po ọkà mọ́ omi, omi tó tòrò lókè, wọ́n á kọ́kọ́ bù ú sọ́tọ̀, wọ́n á wá gbé èyí tó ki nísàlẹ̀ kaná, kó hó, bó bá rọlẹ̀ díẹ̀ wọ́n á da omi àkọ́kọ́ yẹn padà sí i. Agbára yẹn, inú omi tó tòrò ló wà. Ìyá wa àgbà kò mọ digirí o, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọkà tó wà níwájú wọn. Lọ́dún 1988 tí ìjọba ní kí wọ́n má kó báálì wọlé mọ́, ọkà bàbà àti àgbàdo náà ni àwọn ilé ìpọntí ńlá sá tọ̀.

"Ìwútí" ńkọ́? Wọ́n ní bí ìwúkàrà ṣe ń wú àkàrà ni ìwútí á ṣe máa wú ọtí. Ọtí kì í wú. Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a túmọ̀ Bíbélì, tó jáde lódindi lọ́dún 1884, ìyẹ̀fun ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n kọ ìwúkàrà sínú Mátíù 13:33, ìyẹ̀fun obìnrin yẹn wú lóòótọ́. Nínú kẹ́ẹ̀gì, nǹkan yìí ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì. Gáàsì yẹn ló ń wú búrẹ́dì, àmọ́ níbí, imú ló ń gbà jáde. Òfin bíà tí wọ́n ṣe ní Bavaria, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1516, omi, báálì àti họ́ọ̀pù, òdòdó tó ń mú bíà korò, ló dárúkọ, kò dárúkọ yeast, bẹ́ẹ̀ bíà wọn ń hó, ó sì lé ní 300 ọdún lẹ́yìn ẹ̀ kí Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, tó fi hàn pé ohun abẹ̀mí ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìyá wa àgbà kò rí i rí, àmọ́ wọn ò jẹ́ da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí ìkòkò nù tán, díẹ̀ á ṣẹ́ kù de ọtí tó ń bọ̀. Àwọn àgbẹ̀ Norway ní tiwọn, kveik ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ ìgbèríko ni, wọ́n á sá a gbẹ sára igi, bàbá á fi lé ọmọ lọ́wọ́. Lónìí àwọn apọntí káàkiri ayé ń pè é ní kveik, wọn ò túmọ̀ ẹ̀. Òun ni àbúrò mi ń lò báyìí, torí ooru Abẹ́òkúta kò dí i lọ́wọ́, ní 35 digirí ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ, níbi tí èyí tí wọ́n sábà fi ń pọn ale, irú bíà kan, ti ń fẹ́ nǹkan bí 20. Ẹ̀gbọ́n kan ti ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, pàǹtí ni. Pàǹtí lójú ẹni tó ń mu ni, lójú ẹni tó ń pọn, irúgbìn ni. Mo dúró lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Ẹ má pe malt ní mọ́ọ̀tì o, ẹ bèèrè mọ́ọ̀tì lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, ìgò ọtí dúdú aládùn ló máa gbé fún yín. Ọkà híhù ni. Họ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ họ́ọ̀pù, kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ti dán ewúro àti orógbó wò dípò ẹ̀, àbúrò mi náà ti fi ewúro ṣe, ó korò dáadáa ṣùgbọ́n kò ní òórùn yẹn. Ẹni tó sì fẹ́ fi omidùn pe wort, ìyẹn omi ọkà tí kò tíì di ọtí, omidùn ti ní ilé tiẹ̀ lọ́dọ̀ ológì.

Ó ku ìjà èmi àti ìyá wa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì n'Íjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní pọn inú pọnmi àti pọn inú pọntí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, pé ohùn ló kàn papọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò gbà. Kí bíà lítà 20 tó jáde, àbúrò mi á ti pọn omi tó tó 50, èyí tó fi po ọkà, èyí tó fi ṣan àṣẹ́kù, èyí tó fi tu ìkòkò, èyí tó fi fọ ìgò. Omi pípọn ni ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹ sì sọ fún mi, kí ló dé tí a kì í pọn ẹmu? Dídá la ń dá ẹmu, adẹ́mu là ń pe ẹni tó ń ṣe é, torí ọ̀pẹ ti gbé omi tiẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó ru omi lọ bá a. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, pé àwọn á mú ìwé atúmọ̀ èdè àwọn àgbà wá. Mò ń retí ẹ̀, mà.

Ìgò méjìdínlógójì ló wà nílẹ̀ báyìí, "Àfọwọ́pọn Ọ̀bàntókò" ni àbúrò mi fi máákà kọ sára ẹyọ kan tó gbé wá fi hàn mí. Ọjọ́ Sátidé ló ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì ní Kútọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa jù ú lọ kó mú un wá kó tó dìgbà yẹn, kó sì fi àmì ohùn sí i.