Fáìlì Perl mi ń gbé "500 Internal Server Error" jáde, ẹ gbà mí o

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó-Èkìtì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Perl, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni. Fọ́ọ̀mù kékeré ni mo ń kọ fún àwọn oníṣu l'Ọ́jà Ọba: orúkọ, ìlú, iye iṣu tí wọ́n kó wá. Notepad orí Windows ni mo fi kọ ọ́, mo fi FTP (ọ̀nà tí à ń gbà gbé fáìlì lọ sórí sáfà) gbé e sínú cgi-bin, àpò tí sáfà ti ń mú ètò ṣiṣẹ́, lórí sáfà Linux tí mo rẹ́ǹtì. Mo ti ṣe chmod 777 (kí gbogbo èèyàn lè ka fáìlì náà, kí wọ́n kọ nǹkan sí i, kí wọ́n sì mú un ṣiṣẹ́), kò yí padà. Ohun tó wà nínú isu.pl nìyí:

#!/usr/bin/perl
use CGI;
my $q = CGI->new;
print "Content-type: text/html\n";
print "<h1>Ẹ káàbọ̀</h1>";

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́:
Àbúrò, 500 kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, error log (fáìlì tí sáfà ń kọ àṣìṣe sí) ló mọ òkodoro. Wá a nínú control panel sáfà rẹ (lórí Ubuntu tìrẹ, tail /var/log/apache2/error.log ni). Ka ìlà tó kẹ́yìn kó o tó fọwọ́ kan kóòdù.

Mo ti rí àṣìṣe méjì láti ibí. \n (àmì ìparí ìlà) kan ṣoṣo lo fi sídìí Content-type, méjì ló yẹ. Ìlà òfìfo tí èkejì ń dá ni Apache (ètò tó ń gbé ojú ewé jáde lórí sáfà) fi ń mọ̀ pé header, àlàyé tó ń ṣíwájú ojú ewé, ti tán, ojú ewé gan-an ló kù. Bí kò bá sí, á ka <h1> mọ́ header, á sì kọ "malformed header from script". Èkejì ni 777. Ọ̀pọ̀ sáfà tí à ń rẹ́ǹtì ń lo suEXEC (ẹ̀ṣọ́ Apache tó ń yẹ ètò wò kó tó mú un ṣiṣẹ́), kì í sì í gba fáìlì tí gbogbo ayé lè kọ nǹkan sí. 755, tí ìwọ nìkan fi lè kọ nǹkan sí i, ni kó o lò.

Ìyá Kọ̀ǹpútà, Ìkọ̀lé:
Ẹ jẹ́ ká má gbàgbé Notepad yẹn. Àmì méjì ni Windows fi ń parí ìlà, \r\n; \n nìkan ni ti Linux. Nítorí náà, ètò kan tó ń jẹ́ "/usr/bin/perl\r" ni sáfà ń wá kiri, kò sì síbẹ̀. Log á kọ "No such file or directory", bẹ́ẹ̀ fáìlì rẹ wà níbẹ̀ gedegbe! Ìdí nìyí tó fi ń da orí rú. Bí o bá lè wọ terminal sáfà náà (ojú ibi tí à ń tẹ àṣẹ sí):

sed -i 's/\r$//' isu.pl

Bí o kò bá lè wọ̀ ọ́, Notepad++ ni kó o fi kọ ọ́: Edit, EOL Conversion, Unix (LF). Bí log bá tún kọ "Can't locate CGI.pm", má bẹ̀rù. CGI.pm ni àkójọ kóòdù tí ìlà "use CGI" ń pè; láti Perl 5.22 ní 2015 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó ń bá Perl wá. Lórí Ubuntu, sudo apt install libcgi-pm-perl ló máa dá a padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó-Èkìtì:
Ẹ ṣé gan-an, mà. "No such file or directory" náà ni mo bá nínú log. Mo ti tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, ó ti ṣí! Ṣùgbọ́n "Ẹ" di "áº¸". Data mi sì ń tán níbi tí mo ti ń gbé fáìlì lọ gbé e bọ̀.

Ọmọ Ìjerò:
Fi charset (orúkọ ọ̀nà tí a fi kọ lẹ́tà) sí i: "Content-type: text/html; charset=utf-8\n\n". Tọ́jú fáìlì ní UTF-8 tí kò ní BOM (àmì tí a kì í rí níbẹ̀rẹ̀ fáìlì), torí pé BOM á jókòó síwájú #!, 500 á sì padà dé. Nígbà tó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ àwọn èèyàn, mẹ́ta yìí ń rìn pọ̀:

use utf8;
use CGI qw(-utf8);
binmode(STDOUT, ":encoding(UTF-8)");

Bí o bá yọ binmode, "Wide character in print" ni wàá máa bá nínú log.

Ní ti data, fi Perl sórí láptọ́ọ̀pù rẹ. perl -c isu.pl á yẹ gírámà kóòdù wò. Lẹ́yìn náà, perl isu.pl oruko=Ade ilu=Ijero: CGI.pm á gbà wọ́n bí ẹni pé fọ́ọ̀mù ló fi wọ́n ránṣẹ́. Wo ìlà kejì tó jáde. Bí kò bá ṣófo, má tíì gbé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́:
Kó o tó fún àwọn oníṣu: my $oruko = $q->param('oruko'); kó o sì fi $q->escapeHTML($oruko) tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà ti JavaScript bọ ojú ewé rẹ. Fáìlì tó o máa kọ orúkọ wọn sí kò gbọdọ̀ sí nínú public_html, àpò tí gbogbo ayé lè rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fi '>>' ṣí i, kí ohun tuntun máa wọ ìsàlẹ̀ èyí tó ti wà, kó o wá kọ flock($fh, 2), tó ń mú kí ẹlòmíràn dúró, kó o tó kọ ohunkóhun sí i, torí lọ́jọ́ ọjà, èèyàn méjì lè tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan náà.