Ọmọ tó ní cystic fibrosis: ṣé kó sáré ni àbí kó jókòó?

Ìyá Àánú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin tó ní CF (cystic fibrosis, àìsàn àbímọ́ tó ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki nínú ẹ̀dọ̀fóró) ni mo gbé wá. Físíò rẹ̀, ìyẹn physiotherapist tó ń tọ́jú rẹ̀, ní kó máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré níléèwé. Ìyá ọkọ mi ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé ọmọ tó ń wúkọ́ bí èyí, ọkàn rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójú pápá. Ká sòótọ́, tí mo bá gbọ́wọ́ lé e láyà lẹ́yìn eré, bó ṣe ń lù kìkìkì ń já èmi náà láyà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la ọ̀nà yìí kọjá, kí ni ká ṣe?

Àǹtí Bísí
Ìyá Àánú, ẹ jẹ́ kó sáré. Màmá ò ṣe búburú, ìfẹ́ ọmọ ló ń bá wọn jà, àmọ́ jíjókòó gan-an ló léwu.

Kì í ṣe inú ọkàn ni àìsàn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Jíìnì kan tó ń jẹ́ CFTR ló yẹ kó máa jẹ́ kí iyọ̀ àti omi gba ara sẹ́ẹ̀lì kọjá. Tí kò bá ṣiṣẹ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á ki, á lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró, kòkòrò á sì ríbi sá pamọ́ sí. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá wá ń bà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ọ́síjìn ò tó nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ á fún, apá ọ̀tún ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ á sì máa ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ibẹ̀ ni ewu ọkàn ti ń wọlé. Eré ń bá a jà ni. Ọkàn tí eré ti mọ́ lára á máa ti ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní í máa lù lálùjù. Iṣan ẹsẹ̀ á mọ ọ́síjìn lò, èémí tó jinlẹ̀ á sì tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀.

Ìwádìí kan jáde ní 1992 nínú New England Journal of Medicine. Wọ́n ṣọ́ àwọn tó ní CF, àtọmọdé àtàgbà, fún ọdún 8. Àwọn tí ara wọn lè lo ọ́síjìn dáadáa nígbà eré ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣì wà láàyè. Mi ò sọ pé eré nìkan ló gbé wọn ró o, ẹni tára rẹ̀ le náà ló lè sáré. Síbẹ̀, àwọn dókítà CF ò fi eré ṣeré mọ́.

Ikọ́ ńkọ́? Ikọ́ tó ń gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde la ń wá. Ẹ sọ fún tíṣà kó má torí ẹ̀ lé e kúrò lórí pápá.

Bàbá Tómi
Iyọ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́, ìyá. Tí ọmọ mi bá sáré tán, tí òógùn rẹ̀ gbẹ, ẹ ó rí iyọ̀ funfun létí fìlà dúdú rẹ̀. Òógùn yìí náà ni wọ́n fi ń mọ CF, tí chloride (èròjà inú iyọ̀) tó wà nínú rẹ̀ bá ti tó 60 mmol/L. Ohun tó ń tan àwa òbí jẹ ni pé òùngbẹ kì í gbẹ wọ́n bó ṣe yẹ. Iyọ̀ ti bá omi jáde, ẹ̀jẹ̀ ò wá ki débi tí ọpọlọ á fi mọ̀ pé omi ń tán lára. Omi lásán ò tó. Omi oníyọ̀ tí onímọ̀ oúnjẹ tó ń tọ́jú rẹ̀ bá wọ̀n fún un ni kó máa mu, ṣáájú eré, láàárín eré, àti lẹ́yìn rẹ̀. Tí orí bá ń fọ́ ọ, tí pajápajá mú un lẹ́sẹ̀, tàbí tó ń bì, ẹ dá eré dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílé, ẹ má fi òfin iyọ̀ tiyín de ọmọ o!

Sísí Kẹ́mi
Ẹ dákun, ṣebí àìsàn òyìnbó ni CF?

Àǹtí Bísí
Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n pe tàwọn ọmọ wa ní asthma. Ó dà bí AS pẹ̀lú AS: tí bàbá àti ìyá bá jọ gbé e, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 nínú 4 ni pé ọmọ náà á ní in. F508del, ìyẹn àṣìṣe inú jíìnì CFTR tó gbòde lára àwọn òyìnbó, ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Torí náà, àyẹ̀wò ìkókó lè fo tiwa. Àwọn oògùn tuntun, títí kan àpapọ̀ mẹ́ta tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2019, kì í sì í bá gbogbo ọmọ wa mu. Ẹni tí oògùn ò bá jíìnì rẹ̀ mu, eré àti físíò ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú fún un rárá.

Bọ̀dá Láńre
Físíò ni mí, ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, kó sì ṣe èyí tó ń mú iṣan àti egungun le ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. A ò yọ ọmọ CF sílẹ̀. Ẹ lè gé e wẹ́wẹ́. Fífò, bọ́ọ̀lù, ijó, kẹ̀kẹ́, èyí tó bá wù ú ni, torí ọmọ tí wọ́n ń fipá mú sáré á pa á tì láìpẹ́. Tó bá lè bá yín sọ̀rọ̀ àmọ́ tí kò lè kọrin, eré yẹn ti tó.

Àyà tó ń lù kìkìkì yẹn ò burú. Ọkàn ọmọdé tó ń sáré tagbáratagbára lè lù ju ìgbà 180 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Àyà dídùn, òòyì, ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, àwọn yẹn ni kẹ́ ẹ torí ẹ̀ pe dókítà. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò eré lórí kẹ̀kẹ́ tàbí ẹ̀rọ ìsáré, níbi tí wọ́n á ti máa ka ọ́síjìn àti lílù ọkàn. Ó dáa kí wọ́n máa ṣe é lọ́dọọdún. Ẹ mú Màmá dání, kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ọjọ́ tí ibà bá mú un, kó sinmi. Ẹ má sì fi eré dípò físíò tó ń tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má kó ọmọ CF méjì pọ̀ sójú kan náà o, kòkòrò inú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀kan lè ran èkejì. Orí fídíò ni kí wọ́n ti jọ ṣeré.

Ìyá Àánú
Ẹ ṣé gan-an ni. Ọlọ́run á bá wa dá gbogbo wọn sí. Lílúwẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ó fẹ́ràn omi ju ohunkóhun lọ.

Bàbá Tómi
Kó lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n bá ń fi chlorine tọ́jú omi náà dáadáa. Ó ń làágùn nínú omi náà, ojú ni kò rí i, torí náà kí omi oníyọ̀ rẹ̀ wà létí odò ìlúwẹ̀ẹ́. Jacuzzi ni kó má wọ̀: omi gbígbóná bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò Pseudomonas fẹ́ràn.