"Ajíṣẹ́" ni, kì í ṣe "àjíṣẹ́"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹ̀gbọ́n wa gbé "àjíṣẹ́ iṣan" kalẹ̀ fún neurotransmitter, àwọn kẹ́míkà tí iṣan ọpọlọ kan fi ń ránṣẹ́ sí èkejì. Wọ́n ní ohùn ìsàlẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀rẹ̀, torí ènìyàn nìkan ló ń gba "a-", bí apẹja, bí akọ̀wé. Ọ̀rọ̀ náà dára, àmì tí wọ́n fi sí i lórí ló bà á jẹ́, ó sì dùn mí.

Ẹ wo asofẹ́yẹjẹ. Igi ni. Òun ló ń so èso fún ẹyẹ jẹ, ohùn àárín ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ńkọ́? Ta ló bá ènìyàn nínú rédíò? Ohun tí wọ́n ṣe ni "à-" ń tọ́ka sí níbí: àjẹsára, àkọsílẹ̀. Ẹ bá pe kẹ́míkà yìí ní "àjíṣẹ́", ẹ ti sọ ọ́ di iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń jẹ́ ẹ.

N kò déédéé mú asofẹ́yẹjẹ. Bàbá ìyá mi máa ń ha èèpo gbòǹgbò rẹ̀ sínú igbá fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mo rí ọkùnrin kan tó ti ń pariwo láti òru. Wọ́n rọ ọ́ mu, ó fajú ro torí kíkorò rẹ̀. Nígbà tó yá ipénpéjú rẹ̀ wúwo, ó sùn. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú gbòǹgbò náà. Inú àpò kéékèèké ni ajíṣẹ́ ń gbé nínú iṣan; reserpine kì í jẹ́ kí wọ́n wọ àpò mọ́, wọ́n á bàjẹ́ síta, àpò á ṣófo. Ní 1957, Arvid Carlsson, onímọ̀ oògùn ará Sweden, fún ehoro ní reserpine, wọn ò lè mira. Ó fún wọn ní L-DOPA, tí ara fi ń ṣe dopamine, ọ̀kan nínú àwọn ajíṣẹ́ yìí, wọ́n tún ń rìn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2000.

DDVP tí a fi ń pa kòkòrò gba ọ̀nà míì. Agbálẹ̀ tó ń gbá acetylcholine, ajíṣẹ́ míì, kúrò ló ń dè lọ́wọ́ ("a-" náà nìyẹn o, agbálẹ̀!). Iṣẹ́ ò wá dáwọ́ dúró: itọ́ á máa ṣàn, ọmọlójú á kéré bí ojú abẹ́rẹ́, èémí á há.

Ẹni tó ní ká pe gbogbo ohun tó ń da iṣẹ́ ajíṣẹ́ rú ní májèlé, mi ò gbà. Oró ni ti ejò àti àkekèé. Tramadol tí dókítà kọ fún ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, oògùn ni. Bí wọ́n ṣe ń gbé e mì níkùnwọ́ ní gáréèjì ló sọ ọ́ di oògùn olóró. Àwọn bàbá wa ò da ìwọ̀nyí pọ̀.

"Iṣan" yẹn náà ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Iṣan ni ti ẹ̀jẹ̀, iṣan ni ti apá, àlàfo àárín iṣan méjì sì ni ajíṣẹ́ ń ré kọjá. Ẹ̀gbọ́n, ṣé "ajíṣẹ́ àlàfo" ò ní dáa jù?