Ẹ̀rọ̀ wo ló wà fún gáàsì mustard?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo ni wọ́n ń lò fún ẹni tí gáàsì mustard, májèlé ogun tó ń mú ara lé ròrò, bá kàn lára, irú èyí tí wọ́n jù sí Sardasht ní Iran lọ́dún 1987?

Èsì: Kò ní ẹ̀rọ̀. BAL, oògùn ẹ̀rọ̀ tí wọ́n ṣe ní Oxford nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lewisite ló wà fún, ìyẹn májèlé ogun mìíràn tó ń mú ara lé ròrò. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Fífọ̀ ló ṣe kókó, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ara. Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi ṣan ojú. Gáàsì mustard kì í tètè dunni: ó lè tó wákàtí 2 sí 24 kí ara tó pọ́n, ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ.

Èsì: Ẹ má fi báńdéèjì di ojú. Ẹ fi Vaseline pa etí ìpéǹpéjú kó má baà lẹ̀ pọ̀. Omi inú ìléròrò ò ní májèlé nínú, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀.

Ìbéèrè: Dírípù ńkọ́?

Èsì: Kò gbọdọ̀ pọ̀ tó ti ẹni tí iná jó, àpọ̀jù rẹ̀ ń kún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lójoojúmọ́: sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà lè bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ ní ọjọ́ 3 sí 5, àkóràn á sì ráyè wọlé.